Oríkèé

Ọmọ mi Mọrẹ́nikẹ́ ní kí n bá òun gbẹ́ apá kan.
Kì í ṣe apá ènìyàn, apá ọkọ̀ òfurufú ni,
gígùn rẹ̀ ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ:
kí iwájú rẹ̀ rí bí ìdí ẹyin ẹtù,
kí ìyókù tẹ́ pẹrẹsẹ bí àpáta tí a ń sá làfún lé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kan pákó ní Láfẹ́nwá,
ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, pósí, àga ṣọ́ọ̀ṣì;
n kò gbẹ́ apá rí.
Igi ọmọ̀ ni mo lò. Mo fi ìfági fá a, mo fi sáńpépà dán an,
ó dán débi pé eṣinṣin bà lé e, ó yọ̀.

Inú àpótí gígùn kan, oníplaìwúùdù àti gíláàsì,
ni ó gbé e sí. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn,
ó tan kọ́ìlì ẹ̀fọn síwájú.
Èéfín wọlé, ó nà bí òwú tí a ta sójú abẹ́rẹ́,
ó kan imú igi, ó pín sí méjì láìjà,
ọ̀kan gba òkè, ọ̀kan gba ìsàlẹ̀.
"Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀."
Mo panu mọ́.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lórí afárá odò Ògùn.

Imú igi ò mì.
Ibi tí mo ń wò kọ́ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀.
Lẹ́yìn, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sẹ́yìn,
ni òwú èéfín ti wún bí etí aṣọ tí a ká fún aró,
ó di ìgbì, ó di wúruwùru.
Fèrè dákẹ́. Èéfín tún tọ́.

Mo ní ṣé ariwo ló tì í ṣubú?
Ó ní rárá, ariwo ò lágbára tó bẹ́ẹ̀.
Ẹsẹ̀ ohùn gùn, ìṣísẹ̀ kan rẹ̀
láti ibi yìí dé ẹnu ilẹ̀kùn ni.
Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ igi,
awọ tí kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ,
ìṣísẹ̀ tirẹ̀ ò ju ìka kan.
Àgbà tí ń gbẹ́sẹ̀ gàgàrà kọjá
kì í rí ọmọ tí ń rákòrò,
àfi níbi tí ọ̀nà bá ti wọ́ lójijì
tí àwọn méjèèjì ní láti yà.
Níbẹ̀ ni ohùn ti ń gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrú
tí ó ń sọ̀rọ̀ sí awọ náà létí.
Ọ̀rọ̀ kékeré. Awọ gbé e lọ,
ó ń wú bó ti ń lọ, ó ń wú,
títí apá ò fi ká a mọ́.

"Níbo ni ọ̀nà ti wọ́?" Mo bi í, mo ti mọ̀.
Ó mú àtàǹpàkò mi, ó fi í fa ara igi
láti imú bọ̀ wá sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́.
Níbi tí ẹyin ti parí tí pẹrẹsẹ bẹ̀rẹ̀,
oríkèé kan wà.
Ojú ò rí i. Ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n.
Fèrè tó ti orí odò wá ló mọ̀ ọ́n.

Ojú tì mí, kí n má purọ́.
Ṣódiípọ̀ ọ̀gá mi, kí ilẹ̀ fún un ní ìsinmi,
a máa ní igi kì í gbàgbé ibi tí o ti kánjú.
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo parí iwájú,
òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo mú ẹ̀yìn.
Ó hàn nínú afẹ́fẹ́.

Mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ mẹ́ta,
sáńpépà tó kúnná jù lọ. N kò jẹ́ kí ẹyin parí mọ́,
mo ní kó máa yọ́ sínú pẹrẹsẹ
bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń yọ́ di alẹ́.

A jókòó de ọkọ̀. Ó pẹ́ dé, bí ìṣe rẹ̀.
Kọ́ìlì kan jó tán, a tan òmíràn;
Mọrẹ́nikẹ́ ti sùn sórí ìwé.
Nígbà tó fọn, èmi nìkan ni mo rí i:
èéfín gbọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn,
bí ẹni tí a pè lójú oorun,
tó yíra padà, tí kò jí.
Mo fi pẹ́ńsù kọ aago rẹ̀ sára àjákù pákó kan.
N kò jí òun náà.